Ṣòkòtò Tí Ẹ Ní Kí N Rán

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́, iṣẹ́ aṣọ rírán náà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yín dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ mi ọlọ́dún méjì kéré láti kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, ká dúró kó pé mẹ́rin. Mo gbà. Ẹ fi aṣọ ránṣẹ́, ẹ ní kí n fi rán ṣòkòtò ìṣeré fún un. Mo tún dúpẹ́.

Àfi bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lánàá, tó panu dé, tó ri orí bọ omi, tó ń fẹsẹ̀ lu omi. Mo sáré gbé e sókè. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín: "Ó ti ń kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ látoṣù tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ká má sọ fún ẹ, torí omi ń bà ẹ́ lẹ́rù. Ṣòkòtò tí o rán yẹn ló ń wọ̀ lúwẹ̀ẹ́."

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ṣé aṣeni tún lè máa gbé òkèèrè ni? Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ wọ omi, ṣòkòtò tí mo rán wà níbẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ṣòkòtò yẹn ti ń fún un nídìí. Ẹ fi aṣọ mìíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń rán.

Àbúrò yín.