Ẹni Tí Wọ́n Mọ Ògiri Bò

                                        Ilé Ìyàwó Mẹ́gádì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìdìwé.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara Bàbá ti mókun? Ṣé orúnkún Màámi ò dùn wọ́n mọ́? Àbíkẹ́yìn yín ńkọ́, ṣé ó ti ń fẹsẹ̀ rìn? Èmi náà wà láàyè, mo ń jẹun, orí mi sì pé, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún yín.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní ẹbí ti fẹnu kò pé kí n lọ bẹ Ọ̀gá mi, kí n sì sọ níwájú adájọ́ pé ojú ló tàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí dàgbà, mi ò jẹ́ rí yín fín. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ sì máa rí i pé mi ò pè é ní “wọ́n” mọ́. Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ ju ọ̀wọ̀ yẹn nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí tán kẹ́ ẹ tó bínú.

Ọdún tó kọjá ni mo wá kọ́ṣẹ́ ìwé dídì ní ilé ìdìwé Ọ̀gá. Ilé àtijọ́ ni, ó ga, ó ṣú, fèrèsé ẹ̀ tín-ín-rín bí ojú ológbò tó ń tòògbé. Lókè pátápátá ni yàrá tí a ti ń sá ìwé tuntun kí gọ́ọ̀mù ara wọn lè gbẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá wọ ibẹ̀, èmi àlejò ni wọ́n wá ń rán. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, mo jókòó síbẹ̀ mo ń rán ìwé, bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ mi.

“O ń fa okùn yẹn jù,” ló wí. “Ìwé tó o bá fún lọ́rùn ò ní ṣí.”

Mo ní ta ló bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, mo sì rí i pé oòrùn ojú fèrèsé ń gba àyà ẹ̀ kọjá. Mo sá, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sá dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo mí kanlẹ̀, mo tún gòkè padà.

Òun ló kọ́ṣẹ́ níbí ṣáájú mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó di àwátì, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Wọ́n rí ẹ̀wù ẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ nínú yàrá Bàbá Mẹ́gádì tó ń ṣọ́ ilé náà, wọ́n bá gbé bàbá náà lọ sẹ́wọ̀n. Ọmọkùnrin náà ò rántí ẹni tó pa á. Kìkì ohun tó mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ òun ò lè sún mọ́ ògiri kan nínú yàrá òkè yẹn. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń gé awọ, mo ròyìn ilé wa fún un, mo tiẹ̀ ròyìn bẹ́ ẹ ṣe ń hanrun. Ẹ má bínú. Kí n tó mọ̀, ìfẹ́ ẹ̀ ti wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe lè yọ ọ́ lọ.

Oníbàárà kan wá gbé ìwé ẹyẹ wá pé kí n tún un ṣe, ìwé àwòrán tí Ọ̀gá fi orúkọ ara ẹ̀ tẹ̀ jáde, tó sọ ọ́ di olókìkí. Bí mo ṣe la páálí ẹ̀yìn ẹ̀, mo bá àwọn bébà kan nínú ẹ̀: àwòrán àwọn ẹyẹ kan náà, tí ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ yà, orúkọ ẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló di ẹ̀dà yẹn, ó sì fi wọ́n pa mọ́ síbẹ̀. Mo gbé e gòkè. Ó wò ó títí, iyè ẹ̀ sì sọ.

“Mo ní kí Ọ̀gá fi orúkọ mi sára ìwé náà,” ó wí. “Òun nìkan ló wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn.” Ó ní tí wọ́n bá rí egungun òun, òun máa lọ nìyẹn.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dákẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún yín, mo fẹ́ pa á mọ́ fún ara mi. Lọ́jọ́ kan ìyàwó Mẹ́gádì ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ọkọ òun lẹ́wọ̀n. “Sọ fún un pé àwo méjì ni mo ṣì ń gbé kalẹ̀,” ló sọ. Mo gbé kálàmù kalẹ̀, mo pinnu pé màá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn èèyàn pàtàkì wá yẹ́ Ọ̀gá sí, ó kó wọn wá wo yàrá òkè. Mo bi í níwájú wọn pé ta ló ya àwọn ẹyẹ náà. Ó ní ṣé ara mi yá. Mo gbé òòlù, mo bá kọjú sí ògiri tí ọ̀rẹ́ mi ò lè sún mọ́.

“Má fọwọ́ kan ibẹ̀!” ló pariwo. Gbogbo wọn ló yíjú wò ó. Kò sẹ́ni tó tíì sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Mo gbé e sókè, ọwọ́ kan sì bo ọwọ́ mi lórí òòlù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Símẹ́ǹtì já lulẹ̀, aṣọ awọ tí a fi ń ṣiṣẹ́ yọ, egungun tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi ò sí mọ́.

Bàbá Mẹ́gádì ti wálé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé báyìí. Ọ̀gá wà látìmọ́lé. Lọ́jọ́ Ajé tí ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí ẹ̀ fẹ́ kí n sọ pé èmi ni mo ya àwọn àwòrán inú páálí yẹn, tí mo kọ orúkọ òkú sí i. Irọ́ tó ti sáré fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo lé e bá, ẹ wá ní kí n tú u sílẹ̀? Rárá o. Ẹ ní ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tó fẹ́ òkú. Kẹ́ni tó bá máa sá tètè sá.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi wá gbé egungun ọmọ wọn láná. Wọ́n jókòó sórí àga gígùn níta, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ọmọ àwọn. Ojú ò tì mí. Mo ní, “Ìyàwó ẹ̀ ni mí, Mà.”

Wọ́n wá sún, wọ́n fọwọ́ nu àga náà. “Jókòó, ìyàwó mi.”

Ẹ bá mi kí Bàbá, kẹ́ ẹ kí Màámi, kẹ́ ẹ sì fẹnu ko àbíkẹ́yìn yín lẹ́nu fún mi. Tẹ́ ẹ bá máa wá sí kóòtù, ẹ wá jókòó síbi tí mo ti lè rí yín.

Tiyín ni mí, mi ò sì yí ohùn padà,
Àbúrò yín Olóríkunkun.