Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà Tí Mo Dì Ránṣẹ́ Sílé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìyábọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí ìyàwó yín, mo kí gbogbo ilé wa ní Lálúpọn, títí dórí àwọn tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Fúnkẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òun létí gbogbo ilé. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí ọwọ́ yín ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Ara mi le. Ọmọ Fúnkẹ́ tí mo wá pọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń rìn, kò fẹ́ ẹ̀yìn mọ́. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Ọyẹ́ tiwa ń sá tí oòrùn bá yọ; oòrùn ibí á yọ, ara ò ní gbóná. Ní Lálúpọn, bí mo bá ní kí n lọ ra ọṣẹ, kíkí nìkan á dá mi dúró títí oúnjẹ ọ̀sán á fi pẹ́. Níbí, mo lè lọ kí n sì bọ̀ láìla ẹnu.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ilé ìwòsàn ojú kan ni Fúnkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó mọ orúkọ gbogbo aláìsàn àti oògùn tí wọ́n ń lò. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí ọdún 2000 bá wọlé, ó lè dákú. Ni Fúnkẹ́ bá kó gbogbo inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Odidi ti àtijọ́ ló ń gbé inú tuntun yìí, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ṣì wà nínú ara òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó tún un sọ. Ó ní bí ayálégbé tó kó lọ sí ilé mìíràn ni: ilé ló yí padà, èèyàn náà ò yí.

Wọ́n ní kó lọ da òkú ti àtijọ́ nù. Ó gbé e wálé. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè rí ohun tó ní ara kí n jù ú nù. Mo fi ìró mẹ́ta wé e, mo dì í mọ́ ẹrù tó ń bá ọkọ̀ ojú omi bọ̀ nílé, mo ní kí ẹ gbé e fún ilé ìwé wa. Ẹ̀bá ògiri ilé ìwé yẹn ni mo ti ń ta àgbàdo sísè nígbà tí Fúnkẹ́ wà ní kíláàsì. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé nínú, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pé ó ti dé, inú mi dùn.

Oṣù méjì ni tuntun yẹn fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ló takú, ó ní òun ò rí kọ́kọ́rọ́ òun. Fúnkẹ́ tẹ àwọn tó ta ètò inú rẹ̀ láago. Wọ́n ní àwọn kàn yọ̀ǹda kó fi oṣù méjì ṣiṣẹ́ láìsí kọ́kọ́rọ́ ni. Àṣẹ táwọn fún ilé ìwòsàn wà lára kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí wọ́n kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, níbi tó bá sì wà ni àṣẹ wà. Fúnkẹ́ rò pé ohun tí wọ́n fi ń so wáyà ni. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ orúkọ aláìsàn báyìí, ọ̀gá rẹ̀ sì ní tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí tí kò rí i, kó máa lọ sílé.

Ó ń sunkún pé ìkà ni àwọn èèyàn náà. Mo ní wọn kì í ṣe ìkà, mo sì sọ ti oko wa fún un. Ẹ rántí ọdún tí Bàbá wa kú. Ẹ gbé ọkọ́ lọ sóko bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Onílẹ̀ dúró sórí ebè, ó ní, "Bàbá yín la fún nílẹ̀ yìí. Ìwọ, ta ló mú ọ wá?" Ẹ bínú, ẹ ju ọkọ́ sílẹ̀. Ìyá wa ló gbé iṣu àti obì lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ lọ fi ara yín hàn. Ẹ gbé iṣu lọ, ẹ̀ ń súfèé bọ̀. Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ iṣu yín. Ó fẹ́ mọ ẹni tó wà lórí ilẹ̀ òun. Mo ṣì ń gbóòórùn ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Òjò ibí ò ní òórùn kankan.

Nítorí náà, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà padà. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ò jọ ti ilẹ̀kùn. Ó funfun, kò ju àtàǹpàkò yín lọ, síkúrù kéékèèké méjì ló dì í mú. Ẹ má fi ẹ̀mú fà á. Ẹ tú síkúrù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ọwọ́ yín ò ní kan ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Hẹdimásítà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ ní a ò gba kọ̀ǹpútà padà, ti àwọn ọmọ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ fún Ìyábọ̀ kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún Arákùnrin Gbádé ní Ọlọ́runṣògo, ọmọ ìjọ wa tó ń bọ̀ níbí kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ má tíì sọ fún ìyá ọkọ Fúnkẹ́. Tó bá sì gbọ́ níbòmíràn, ẹ ní èmi ni mo di ẹrù. Fúnkẹ́ ò di nǹkan kan.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín,
Ìyá Fúnkẹ́