Fọ́tò Tí A Fi Ojú Gbé Wálé

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ, ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú yàrá, kò mọ ohun tí mò ń kọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àbí ọ̀gá rẹ ṣì ń pè ọ́ lórí fóònù ní ọjọ́ ìsinmi? Ọlọ́run tó mú wa wá sọ́dọ̀ rẹ tó sì mú wa padà láìfarapa yóò máa ṣọ́ ọ lójú títì, yóò jẹ́ kí ojú ọ̀gá rẹ rọ̀ sí ọ, ibi tí o bá sì tẹ́ orí sí, oorun ìbàlẹ̀ ọkàn ni wàá máa sùn níbẹ̀. Àmín.

Ilé dára. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò, mo ti fi páànù tuntun dí i. Àbúrò ìyá rẹ ti bímọ, obìnrin ni, ẹkún rẹ̀ ń dé títì.

Ohun tí mo torí ẹ̀ mú bírò ni ọ̀rọ̀ fọ́tò ọgbà ìgbafẹ́ tí o mú wa lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, o ní wọ́n ti pa á rẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jọ̀ọ́, padà lọ bi wọ́n. Ìyá rẹ tó jẹ́ aránṣọ, aṣọ tí oníbàárà ò wá gbà láti ọdún mẹ́ta ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, ó so orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn. Báwo ni àwọn tí ọgbà wọn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ti ń dùn mí kí n tó rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ṣe máa ní àwọn ò ní àyè tí àwọn lè fi fọ́tò kan pamọ́ sí? Béèrè àgbàlagbà àárín wọn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í wo ìsàlẹ̀ àpótí dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni pé a ò rà á lọ́jọ́ yẹn. Owó tí o san lẹ́nu ọ̀nà ló ń dùn mí. Nígbà tí o sì ní owó yẹn kárí gbogbo ohun tó wà nínú ibẹ̀, mo pinnu pé kò sí èyí tí a ò ní gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gun ẹṣin tó ń yí po lẹ́ẹ̀mẹrin, kì í ṣe pé ó dùn mọ́ mi. O ní ẹṣin onígi ni. Mo kan ikùn rẹ̀, ike ni. Káfíńtà ni mí, ìyẹn ò lè tàn mí jẹ. Ọkọ̀ orí irin tó ń gòkè tó ń já ṣòòrò wálẹ̀ ńkọ́, mo ka bóòtù irin tí wọ́n fi de ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó jókòó, mọ́kànlélógún ni, ọ̀kan ti ń dípẹtà, mo sì sọ fún ọkùnrin tó ń de bẹ́líìtì mọ́ wa. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń ro ìdáhùn yẹn.

Èyí tí mi ò tíì lóye ni ẹni tó ya fọ́tò náà. Lọ́dọ̀ wa, ayàwòrán á ní kí o gbé àgbọ̀n sókè, kí o gbé ọwọ́ lé orúnkún, á sì ka ení, èjì, ẹ̀ta. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ka nǹkan kan. Ibi tí ọkọ̀ orí irin ti ń já wálẹ̀, tí mò ń pe ìyá mi tó ti kú nínú ọkàn mi, wọ́n ti yà mí. O ní ẹ̀rọ ni, pé ó ń rí ọkọ̀ bó bá ti ń kọjá. Ta ló wá kọ́ ẹ̀rọ náà pé ìgbà tí ojú èèyàn bá burú jù ni kó yà á? Ṣé ó máa ń ṣẹ́jú? Ṣé ó máa dá wa mọ̀ bí a bá tún kọjá? Bá mi béèrè.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí fọ́tò náà yọ nínú gíláàsì lókè káńtà, tí ọmọbìnrin onífìlà pupa sọ iye rẹ̀, mo ní ojú mi nìyẹn, ilé ni mo ti gbé e wá, kí ló dé tí mo máa fi rà á? Ó ní ìwé ni òun ń tà. Mo ní mo ní ìwé nílé. Owó yẹn á ra pákó gígùn méjì. Ìwọ ti ń ki ọwọ́ bọ àpò, ọ̀gá rẹ pè, o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni mo bá ní kí ìyá rẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa, kí a fi ojú gbé e lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. A wò ó títí ojú àwọn ẹlòmíràn fi gba ibẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé mo gbọ́n.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tí ìyá rẹ gbé wálé yàtọ̀ sí èyí tí mo gbé.

Nínú tiẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọjọ́ tí a dé ló ti sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí òun ti wà nílé mi, mi ò di ọwọ́ òun mú rí lórí ilẹ̀, àfi ìgbà tí a dé òkè. Wọ́n pariwo. Mo ní irọ́ ni, irin iwájú ni mo dì mú. Agẹrun ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tí a ń pè ní Lọ́yà torí àròyé rẹ̀, ní kí n dúró ná. Ó ní ṣebí mo sọ pé fìlà mi wà lẹ́nu mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, eyín ni mo fi dì í mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ó ní tí ọwọ́ kan bá di irin, iṣẹ́ wo ni èkejì ń ṣe tí kò fi ráyè di fìlà? Ọmọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́yà ní ọkùnrin tó bá ṣì ń di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ní ọjọ́ orí mi, òun á máa gẹrun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú tì mí, mo búra pé ọwọ́ mi méjèèjì ló wà lórí irin, pé ojú ìyá rẹ ló ń tàn án.

Ìyá rẹ ò bá mi jiyàn. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, pé ojú òun ti ń rẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ ìtàn ọgbà mọ́. Bí àlejò bá béèrè, á ní a lọ, a bọ̀, ibẹ̀ tóbi. Kò bínú, ó ń kí mi, ó ń gbé oúnjẹ fún mi. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Mo ti kan férémù kan, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn pákó ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo pe nọ́ńbà ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, kí n ní sùúrù. Mo kí i, mo béèrè ará ilé rẹ̀, orin ló fi dá mi lóhùn. Ó tún padà wá, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejìlá. Mi ò lè pa fóònù mọ́ ẹni tó ka èèyàn sí tó bẹ́ẹ̀ létí, mo dúró títí káàdì mi fi tán. Bí o bá rí i níbẹ̀, bá mi bẹ̀ ẹ́, kó má rò pé mo kàn já a sílẹ̀ ni.

Bí wọn ò bá rí fọ́tò náà, jọ̀ọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún èèyàn méjì, àlọ àti àbọ̀. Owó ìwọlé ìyá rẹ nìkan ni kí o san, torí ó ti fi sáàsì gé okùn tí wọ́n so mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní bí mo bá bọ́ ọ mi ò ní lè wọlé mọ́, mo ń gbé ọwọ́ náà sókè bí mo bá ń wẹ̀. Fi owó fọ́tò méjì kún un, ọ̀kan fún ògiri wa, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù Lọ́yà. Mo ti mọ ibi tí ojú ẹ̀rọ náà wà, lápá òsì, lẹ́yìn ìgbà kejì tí ọkọ̀ bá já wálẹ̀. Sọ fún ìyá rẹ pé ìwọ lo ní kí a wá.

Ọlọ́run á fi kún àpò rẹ, ọ̀nà rẹ á là, wàá rí ẹni tó máa fẹ́ràn rẹ, tí wàá sì lè sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara rẹ.

Bí wọ́n bá sì rí fọ́tò náà, ìyá rẹ ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, má kọ orúkọ mi sí ara àpò ìwé náà. Èmi mọ ibi tí ọwọ́ mi wà nínú fọ́tò náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.