Ọṣẹ Tí Kò Dì àti Òṣùwọ̀n Àǹtí Ẹlẹ́ja

                                        Yàrá Ẹ̀yìn, Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ilé Ìwòsàn Kékeré.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Dúdúyẹmí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà wọ́n láyè láti máa bá gbogbo àdúgbò jà bíi ti tẹ́lẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò wá síbi ìgbéyàwó mi nítorí pé òjò fẹ́ rọ̀ ńkọ́? Bá mi kí i, kí o sì sọ fún un pé òjò náà kò rọ̀. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé tí mo ti dìyàwó, ẹnu mi kò tíì pa dé. Mò ń fọ abọ́, ẹ̀rín ni. Mò ń gbálẹ̀, ẹ̀rín ni. Ìyá ọkọ mi ti pe ọmọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi í bóyá bí mo ṣe ń ṣe láti ilé wa nìyẹn.

Bóo ṣe mọ̀, télọ̀ lọkọ mi. Ó lè wo ènìyàn láti òdìkejì títì kó sọ bí ìbàdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó rán fún ara rẹ̀, kò sí èyí tó dé kókósẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé mo ti di oníṣẹ́ ọṣẹ. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọṣẹ ṣe rí níbi gbogbo. Èyí tó dára, wọ́n ń tà á bí ẹni pé ó ń fọ ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ọwọ́ wa tó, awọ ara ló ń bó. Ni mo bá ní n ó máa fi òróró àgbọn àti òrí ṣe tèmi, láìsí àwọ̀, láìsí lọ́fínńdà, ní iye tí aya télọ̀ lè rà. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn tó wà lójú pópó wa gbọ́, ó ní òun ń wá irú ẹ̀ fún àwọn ìyá ọmọ tuntun. Ó ní kí n mú un wá lọ́jọ́ kìíní oṣù. Bí n kò bá wá, ẹni tó ń kó ọṣẹ abóra fún wọn yóò máa bá a lọ.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Ẹlẹ́ja ti wọlé. Àbúrò ìyá ọkọ mi ni, ìkóríta ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn ha ìpẹ́ ẹja, ojú àánú wọn sì ṣàdéédéé ṣí sí mi. Àwọn àti Màmá, ìyá ọkọ mi, fẹnu kò pé bí ọjọ́ kìíní oṣù bá dé tí agbẹ̀bí kò gba ọṣẹ mi, kí n kó ìkòkò mi kúrò ní kíṣìnnì, kí n bọ́ sídìí ẹja. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní àwọn kò ràn mí lọ́wọ́, Àǹtí yá mi ní òṣùwọ̀n wọn. Ẹ wo inú rere! Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ojú rẹ̀ ti pa rẹ́. Mo ní ogbó ni.

Dúdúyẹmí, mo wọn òróró, mo wọn kọ́sítíìkì tó máa ń sọ òróró di ọṣẹ, mo gbé e kaná, mo rò ó títí apá mi fi fẹ́ já. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó ti le. Ọjọ́ karùn-ún, ó ṣì ń mì bíi ikùn olówó.

Àǹtí wá wò ó. "Ìyàwó, ṣé kànrìnkàn la máa mú wá ni, àbí ṣíbí?"

Mo se ìkòkò kejì. Bákan náà. Ọkọ mi nìkan ló fi í wẹ̀, nítorí ìfẹ́. Ó ń jáde ní balùwẹ̀, ó ń dán bí ẹja díndín, ó ń sọ pé, "Ó dáa o! Ó kàn ń yọ̀ díẹ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù nígbà tí Màmá ní kí ọmọ wọn rán épírọ́ọ̀nù ẹja fún mi. Ọkọ mi, olólùfẹ́ mi, ó sì rán an! Ó tún fi àpò méjì sí i, ó ní kí ara lè tù mí. Níbi tó ti ń rán an ni ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún òróró ọṣẹ mi ti jẹ́ kí agolo abẹ́rẹ́ bọ́, abẹ́rẹ́ fọ́n ká gbogbo yàrá. Ó mú òòfà tó fi ń ṣa abẹ́rẹ́, ó ń tì í kiri ilẹ̀ títí tó fi dé abẹ́ òṣùwọ̀n. Òòfà lẹ̀ mọ́ àwo rẹ̀, ó kọ̀, kò ṣí.

Mo ní, "Ike mà ni àwo yẹn. Irin wo ló wà nínú ike?"

A dojú ẹ̀ dé. Irin gbọọrọ kan ni, wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àwo, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ àwo. Ohunkóhun tí o bá gbé síbẹ̀, ìwọ̀n irin náà ti wà lórí rẹ̀. Abájọ tí wọ́n fi pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ́! Òróró pọ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì tó jẹ́ díẹ̀, irin ti kó ìdajì rẹ̀ lọ. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń se ọṣẹ pẹ̀lú irin!

Apòògùn ilé ìwòsàn yá wa ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ìkòkò kẹta le lọ́jọ́ kejì. Bí o bá gbá a mọ́ tábìlì, á dún kò, kò, kò, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù, Àǹtí wá mú òṣìṣẹ́ wọn, èmi nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, bí ọmọ tí a kọ́. "Àǹtí, ẹ ṣeun, òṣùwọ̀n yín rèé. Irin abẹ́ rẹ̀ ti ṣí, a dì í sínú bébà kó má baà sọ nù."

"Irin kí ni?"

Màmá dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. "Bẹ́ẹ̀ ni. Irin kí ni? Ọdún mélòó ni mo ti ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín yàtọ̀. Mo máa ń yọ ọ́ kí n tó wọn tiyín."

"O máa ń yọ ọ́? Ohun tí o fi àtè lẹ̀?"

Ó wù mí kí n pa òwe olè àti olóhun, ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun kì í pa òwe lójú àgbà. Mo kàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi kò kúkú jẹ́ tuntun nílé yìí. Àǹtí rántí pé àwọn kò ti ṣọ́ọ̀bù. Màmá gbé agbọ̀n ọṣẹ mi fúnra wọn, wọ́n ní, "Níbo ni agbẹ̀bí yẹn wà?"

Agbẹ̀bí fi ọṣẹ náà àti omi tútù fọ ọwọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, ó sì dúró. Gbogbo wa dúró tì í. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀-Pọ̀ láti kíláàsì kìíní, èékánná mi ni mo ń jẹ. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Ogójì lóṣooṣù. Má fi ohunkóhun kún un."

Mo bojú wẹ̀yìn, omi ń dà lójú ọkọ mi. Ó ní kòkòrò ló kó sóun lójú. Lọ́sàn-án gangan, Dúdúyẹmí. Lójú méjèèjì.

Bá mi kí Màmá rẹ àti gbogbo ilé, má yọ ẹni òjò náà sílẹ̀. Mo fi ọṣẹ mẹ́ta ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Òtítọ́ ni kí o sọ fún mi nípa rẹ̀. Ìyìn, mo ti ní ọkọ tó ń ṣe ìyẹn.

Èmi ni tìrẹ, bí ayọ̀ ṣe ń gbé mi kiri yìí náà,
Ọ̀rọ̀-Pọ̀, aya Télọ̀.