Dókítà Munirat Àyọ̀ká Ṣọlágbadé, Ẹni Tí Ó Fi Òǹtẹ̀ To Purotéènì Sórí Gíláàsì

A bí Dókítà Munirat Àyọ̀ká Ṣọlágbadé ní Iba ní ọdún 1976. Bàbá wọn ni Alhaji Àsánì Àjàgbé, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń gbẹ́ òǹtẹ̀ rọ́bà ní Ajangbadi. Ìyá wọn ni Alhaja Ṣàkírát, ọmọ Ṣágámù. Ilé ìwé inú bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n lọ, níbi tí ìbéèrè wọn ti ń sú olùkọ́.

Ní ọdún 1998, àìsàn ẹ̀dọ̀ pa Toheeb, àbúrò wọn. Ibà ni a rò pé ó ń ṣe é títí ó fi pẹ́ jù. Àyọ̀ká bi dókítà pé, “Ṣé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lè ti sọ fún wa ni?”

Dókítà dáhùn pé, “Ó wà. Ó kéré ju ohun tí a lè rí níbí lọ ni.”

Ìdáhùn yẹn ló gbé wọn dé yunifásítì, tí wọ́n fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ní 2004, wọ́n fẹ́ Alhaji Ọlámilékan Ṣọlágbadé, wọ́n sì ń gbé ní Okokomaiko.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi purotéènì tó máa ń di àmì àìsàn ẹ̀dọ̀ mú kun òǹtẹ̀ rọ́bà kékeré, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí gíláàsì ní ìlà-ìlà. Bí a bá la irun orí kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Bí ìlà bá pé, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan á fi àìsàn hàn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, jákujàku ni ìlà ń jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 2019, wọ́n mú iná lọ ní yàrá ìwádìí wọn ní Ọ̀jọ́, ẹ̀rọ amúlétutù kú. Ìníolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ní, “Mà, ooru ti mú. Ṣé ká kó òǹtẹ̀ tí a ti kùn yìí dànù?”

“Rárá. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí bó ṣe máa bàjẹ́.”

Nígbà tí iná dé, tí wọ́n wo inú maikirosíkóòpù, gbogbo ìlà ló pé. Atẹ́gùn amúlétutù ló ti ń mú purotéènì gbẹ mọ́ rọ́bà. Ooru Ọ̀jọ́ tó lọ́rinrin ló tú u sílẹ̀. Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín, wọ́n dárúkọ Toheeb, wọ́n sì sunkún.

Nínú àsàlátù àwọn obìnrin ní Iba, wọn kì í yéé sọ fún wa pé ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ìyáàfin Christiana, tó ń tajà ní Alábà, yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fún ìdánwò gíláàsì náà. Kò sí ibi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n àmì àìsàn hàn. Ó tètè gba ìtọ́jú. Ó wà láàárín wa lónìí.

Jẹjẹrẹ kọlu Àyọ̀ká ní 2025. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n na ọwọ́ sí rọ́bà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, wọ́n bi nọ́ọ̀sì pé, “Kí lẹ fi kun inú rọ́bà yìí tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í lẹ̀ mọ́ ọn?” Nọ́ọ̀sì ní òun ò mọ̀, òun á lọ béèrè. Kó tó padà dé, wọ́n ti lọ.

Ìyá wọn, ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn, Muheez àti Fáòsíátù, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbẹ̀yìn wọn.

Àyọ̀ká ọmọ Àjàgbé, ẹ sùn ire. Kí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ dá yín lóhùn gbogbo ohun tí ẹ kò tíì rí ẹni bi.