Egungun Ìhà Keje Apá Òsì

Èmi, Shehata Abdel-Mawla Qandil, ará Karmuz ní Alẹkisáńdíríà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí orí mi pé, tí ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi, ni mo ń pín ohun ìní mi báyìí. Kí àwọn ajogún mi kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ gbogbo dókítà ìlú yìí bí ènìyàn ṣe ń mí.

Ó dáa. Kì í ṣe gbogbo wọn. Eruku ni mo ń nù ní yàrá egungun ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá nu àyà òkú fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n á mọ nǹkan kan.

1. Dókítà Buthayna Sarhan ni kó mú ìhágún yìí ṣẹ. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun nìkan ló máa ń kí mi kó tó wo egungun.

2. Yàrá méjì tó wà lókè àjà di ti ọmọ mi, Wagida. Ẹyẹlé mẹ́rìnlélógún tó wà níbẹ̀ di ti ọkọ rẹ̀, Rashad, nítorí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ló ti ń sọ pé wọ́n ń rùn. Bó bá tà wọ́n, kó máa lọ sùn nínú ilé ẹyẹlé tó ṣófo.

3. Korobá onírin mi àti ìgò tí mo gé ìdí rẹ̀ di ti yàrá egungun. Wagida, má fi korobá yẹn fọ ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́. Bí a bá gbé e sókè, á yọ síta. Bí egungun ìhà ṣe ń ṣe nìyẹn tí a bá mí sínú. Bàlúùnù méjì wà nínú ìgò náà, rọ́bà ni mo fi dí ìdí rẹ̀. Fa rọ́bà yẹn wálẹ̀, bàlúùnù á wú láìsí ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ ló ń wọlé kí àyà tó fẹ̀. Rárá o. Àyà ló ń kọ́kọ́ fẹ̀; afẹ́fẹ́ kàn ń tẹ̀lé e, bí Rashad ṣe ń tẹ̀lé òórùn ẹja díndín.

4. Ẹ̀mú àti wáyà mi di ti ọ̀rẹ́ mi, Wanis Bishara.

Wanis ló máa ń so egungun pọ̀ ní yàrá wa. Ó ń fọ́nnu pé òun lè dijú so ìhà mẹ́rìnlélógún. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn.

Ojú àgbàrá tóóró kan wà ní etí ìsàlẹ̀ egungun ìhà, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Dókítà tó bá fẹ́ fa omi kúrò láyà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gba òkè egungun, kó má baà gún iṣan yẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò kan, ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, egungun ìhà keje apá òsì dorí kodò: ojú àgbàrá rẹ̀ wà lókè. Buthayna gba egungun gbọ́, ó ní abẹ́rẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹni tó mọ̀ kì í tẹ̀lé egungun tó dorí kodò. Ọmọ náà tún ọdún yẹn kà. Wọ́n lé Wanis lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń ṣọ́ géètì títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ náà ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ó ní, “Shehata, wò ó. Ọwọ́ mi ti dalẹ̀ mi.”

Láti ìgbà náà kò so ohunkóhun mọ́, títí kan okùn bàtà ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí a bá ń ta dómínò ní ọjọ́ Jímọ̀, á ní kí n bá òun wo dómínò ọwọ́ òun kí òun tó gbé e kalẹ̀. Mo ti ń fìyẹn jẹ ayò láti ọjọ́ yìí wá.

5. Kí Dókítà má dúró de ikú mi kó tó ka ẹsẹ̀ yìí. Kó kà á lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀, níwájú Wanis, kí èmi náà wà níbẹ̀.

Wanis, o kò so ó sódì. Èmi ni mo tú wáyà rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, mo dorí ìhà náà kodò, kí n lè fi ọ́ rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Láàárọ̀, mo pẹ́ dé. Wọ́n ti ń bá ọ wí. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo mí sínú láti sọ̀rọ̀, n kò sì sọ ọ́. Buthayna, ọdún rẹ wà lọ́rùn mi. Ọwọ́ Wanis kò ṣe àṣìṣe kankan.

Mo fọwọ́ sí i: Shehata A. Qandil
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, ọdún 2019
Àwọn ẹlẹ́rìí: Mutawalli Ghazal, alágbẹ̀dẹ; àti Sabriyya Hammad, aládùúgbò