Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Bàbá Rẹ Ti Jí

Àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ ti yé jágbe mọ́ ọ? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ bí mo bá fẹ́ dìde. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí, wọn ò sì ní fi ẹlòmíràn sórí àga tí o jókòó lé. Àmín.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgégi bàbá rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé ó ti dàgbà, ọdún tí mo bí ọ ló rà á, àmọ́ ìwọ kì í dákú. Láti oṣù tó kọjá, tó bá ti ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè kí aládùúgbò kó sì béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Bàbá rẹ á fa okùn rẹ̀ títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Tó bá wá ṣí ọmọrí táńkì láti wò ó bóyá epo ti tán, ẹ́ńjìnnì náà á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi, á tún ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún kú.

À bá ti fi í sílẹ̀ kó sinmi, ṣùgbọ́n ìjì kan jà, igi ńlá ẹ̀yìnkùlé àbúrò rẹ obìnrin sì fẹ̀gbẹ́ sórí yàrá tó ń sùn sí. Oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. A ní kó wá sọ́dọ̀ wa, ó ní òun ò lè tìtorí igi sá kúrò nílé òun. Agégi kejì tó wà níbí, tí wọ́n ń pè ní Wó-o-wálẹ̀, ní òun á fi ẹ́ńjìnnì tuntun òun gé e lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ ní kàkà bẹ́ẹ̀ òun á fi eyín gé e. Ìwọ náà mọ iye eyín tó kù.

A gbé e fún mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù ṣe, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó tú kábúrétọ̀ palẹ̀, ó tún un tò. Bóòtù kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìyẹn kò ṣe pàtàkì. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń kú.

Fídíò ọkùnrin tó ń tún irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣe, tí o fi ránṣẹ́, dé. A kí ọkùnrin inú rẹ̀, kò dáhùn. Bàbá rẹ ní kó dúró díẹ̀ kí òun wá sípánà, kò dúró, ó tún tirẹ̀ ṣe tán, ó lọ. Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì tí o ní ká kún lórí fóònù náà, ó ní kí bàbá rẹ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Bàbá rẹ ní láti ọdún méjìdínláàádọ́rin tí òun ti délé ayé, ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. A ò kún un mọ́.

Lọ́jọ́ tí a lọ gé igi yẹn, àárọ̀ ni, bàbá rẹ kọ́kọ́ bú ẹ́ńjìnnì náà dáadáa, ó ka gbogbo oore tí òun ti ṣe fún un sí i létí. Ó gé igi dé ìdajì, ẹ́ńjìnnì kú. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Igi ń dún, kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́. A ń pe àbúrò rẹ kó jáde, ó ní òun ń ká aṣọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ ṣí ọmọrí táńkì, ẹ́ńjìnnì sì tún mí kanlẹ̀, ìgbà yẹn ni nǹkan sọ sí mi lọ́kàn.

Ṣé o rí i, yàrá wa ni bàbá rẹ máa ń gbé e sí lálẹ́. Lóṣù tó kọjá, òórùn bẹntiróò ń dà mí láàmú, mo sì rí ihò bíńtín kan lára ọmọrí táńkì, mo rò pé ibẹ̀ ló ti ń jò, mo bá fi ọṣẹ dí i. Mi ò mọ̀ pé imú tí táńkì fi ń mí ni.

Mo ní kí bàbá rẹ gbé ọmọrí náà wá kí n bá a nù ún. Mo kẹ̀yìn sí i, mo yọ ìkótí lórí mi, mo fi gún ọṣẹ náà jáde. Bó ṣe dé e padà tó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, kò sì dákẹ́ títí igi fi wó. Kò kan yàrá rárá. Balùwẹ̀ ló wó lé.

Àbúrò rẹ bímọ lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin ni, igbe rẹ̀ sì le. Bàbá rẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé èébú ló tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Mẹkáníìkì náà ti gbà á gbọ́, ó ń bú alùpùpù àwọn èèyàn kó tó fọwọ́ kàn án, ó sì ń gba owó lé e.

Jọ̀wọ́, wá owó páànù mẹ́ta àti ìṣó fún wa nítorí balùwẹ̀ náà, àbúrò rẹ ò lè máa wẹ ọmọ níta gbangba. Má fi í sínú fóònù o. Láti àná ló ti ń kọ ọ́ sójú pé òun ti kún, kò sáyè mọ́, mi ò fẹ́ kí owó dé kó wá dúró síta. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé.

Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n ka lẹ́tà yìí sí òun létí kí n tó fi ránṣẹ́. Mo ti kà á fún un, mo sì fo ibi tó yẹ kí n fò. Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà ní aya tó mọ ibi tó yẹ kó fò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.